Ọlágòkè Gbé Ẹjọ́ Kọ̀ǹpútà Lọ Bá Ìyá Rẹ̀

Ọlágòkè fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́ fún yín. Ó ní kí n má bo ibì kankan mọ́lẹ̀. Mo bi í pé ṣé kí n yí orúkọ rẹ̀ padà ni, ó ní kí ni n óò máa yí, nígbà tó jẹ́ pé kò sí ọmọdé tí kò mọ̀ ọ́n ní Ṣakí. Nítorí náà, ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin òǹkàwé. Bí ẹ bá ní àbúrò ọkọ nílé, ẹ pè é kó wá gbọ́.

Lọ́dún 1987, Ọlágòkè ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tí àwọn àgbẹ̀ dá sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ní katakata méjì tó ń bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ túlẹ̀, láti Ṣakí dé Ago-Amodu, títí dé Tẹ̀dé. Katakata méjì, àgbẹ̀ bí eṣú. Ẹni tí katakata bá kàn kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, ọdún ti yẹ ẹ́ nìyẹn. Ẹni tí kò bá kàn, kó lọ gbé ọkọ́ rẹ̀.

Ta ni yóò ṣíwájú, ta ni yóò tẹ̀ lé e, inú kọ̀ǹpútà ni gbogbo rẹ̀ wà. Ìwé ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, ikán jẹ ẹ́ tán. Nítorí ikán gan-an ni wọ́n ṣe ra kọ̀ǹpútà.

Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà náà bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ẹni pé wọ́n ń sun rọ́bà nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ ra òmíràn. Àfi bí ẹni pé òyìnbó tó ṣe ti àkọ́kọ́ àti òyìnbó tó ṣe ìkejì kò bára wọn sọ̀rọ̀ rí. Dísíkì tí ti àtijọ́ fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀, bí ẹ bá tì í bọ ẹnu tuntun, á tu ú dànù. Ó di dandan kí ẹnì kan kọ ètò tí yóò jẹ́ kí tuntun lè ka dísíkì àtijọ́, kó sì lè kọ ọ̀rọ̀ sórí rẹ̀. Ọlágòkè ní òun yóò kọ ọ́.

Inú Ọ̀gá Cornelius, olórí ilé-iṣẹ́ náà, dùn. Ó ní, “Bí o bá parí ẹ̀ kí òjò tó rọ̀, ìwọ ni ọ̀gá yàrá kọ̀ǹpútà.”

Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Cornelius ní òfin kan tí kì í yẹ̀. Ètò tí ẹnì kan bá kọ, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ kà á láti òkè délẹ̀, kó sọ ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Ẹni tó kọ ọ́ yóò dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Yálà kó tún un ṣe, tàbí kó sọ ìdí tí kò fi ní í tún un ṣe. Àfìgbà tí ẹni tó kà á bá sọ pé ó dára ni wọ́n tó ń lò ó.

Ẹnì kan ṣoṣo tó tún mọ irú iṣẹ́ yìí níbẹ̀ ni Mọ́ládé. Mọ́ládé sì ni ìyàwó Adékúnlé, ẹ̀gbọ́n Ọlágòkè. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mọ bó ṣe ń rí nílé wa. Mọ́ládé ju Ọlágòkè lọ lọ́jọ́ orí, ó jù ú lọ níwèé, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó wọlé bí ìyàwó ni Ọlágòkè ti di ọkọ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀. Eyínfúnjowó ló ń pè é, nítorí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Láràárọ̀ ni yóò kúnlẹ̀ kí i níbi iṣẹ́, tí Ọlágòkè yóò máa mi orí bí ọba kékeré, tí yóò sì ní, “O káàárọ̀, ìyàwó. Ṣé ẹ̀gbọ́n mi jí dáadáa?”

Mọ́ládé gba ètò náà lọ kà. Nígbà tó mú un padà dé, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì Ọlágòkè lójú Ọ̀gá Cornelius àti gbogbo òṣìṣẹ́.

“Eyínfúnjowó, ẹ kú iṣẹ́. Iṣẹ́ ńlá lẹ ṣe. Ẹ dákun, ẹ má bínú, àwọn nǹkan díẹ̀ ni mo rí.”

“Máa sọ ọ́, ìyàwó.”

“Àkọ́kọ́ ná, ta ni Àwáwù?”

Gbogbo yàrá yíjú síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ẹni tó ń kọ ètò ní láti sọ àwọn nǹkan inú rẹ̀ lórúkọ, kí ẹni tó bá ń kà á lè mọ èyí tó jẹ́ ibi ìkó-ọ̀rọ̀-sí àti èyí tó ń ka iye ọ̀rọ̀. Ọlágòkè kò wá irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lọ síbi tó jìnnà. Ọmọbìnrin aránṣọ kan wà ní òdìkejì títì tí Ọlágòkè máa ń yọjú wò láti ojú fèrèsé. Orúkọ ọmọbìnrin yìí ló kún inú ètò náà fọ́fọ́.

“Níbí, ẹ ní kí kọ̀ǹpútà ṣí Àwáwù,” Mọ́ládé ní, ó tẹrí ba tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. “Nísàlẹ̀, ẹ ní bí Àwáwù bá ti kún, kó tì í. Èmi ò mọ ohun tí Àwáwù ń wá nínú dísíkì, ọkọ mi. Ẹni tó bá tún kà á lẹ́yìn wa náà ò ní mọ̀.”

Ọ̀gá Cornelius yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, bẹ́ẹ̀ ni èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Akọ̀wé tó ń tẹ̀wé rẹ́rìn-ín títí ó fi sá jáde.

Ẹ̀rín yẹn ló ba gbogbo nǹkan jẹ́. Ìgbà tí Mọ́ládé fi máa dé orí èyí tó ṣe pàtàkì, etí Ọlágòkè ti di pa.

“Ìkejì ló ń bà mí lẹ́rù,” Mọ́ládé ní. “Bí ètò yín bá fẹ́ kó ọ̀rọ̀ láti dísíkì kan bọ́ sí òmíràn, ó kọ́kọ́ ń kọ ọ́ síwájú dísíkì tí ọ̀rọ̀ ń lọ, níbi tí orúkọ ohun inú rẹ̀ máa ń wà, pé ọ̀rọ̀ ti dé, ó sì ń pa á rẹ́ níwájú ti àtijọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó ń kó ọ̀rọ̀ ọ̀hún gan-an. Ó dà bí ìgbà téèyàn ń kéde pé àgbàdo ti wọ àká, tí àgbàdo ṣì wà lórí ọmọlanke. Bí iná bá lọ láàárín kan, ohun tó ti wà tẹ́lẹ̀ nínú dísíkì tí ẹ ń kó o sí la máa bá níbẹ̀. Ẹ kó ọ̀rọ̀ ná. Ẹ wò ó pé ó dé. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tó kéde.”

“Iná tó ń lọ, ṣé èmi ni mò ń mú un lọ ni?”

“Rárá o, ọkọ mi. Ṣùgbọ́n Ṣakí la wà.”

Wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀sán kan péré ni Ọlágòkè fi yọ orúkọ Àwáwù kúrò. Ó dùn ún, àmọ́ ó yọ ọ́. Ìkejì ni kò fọwọ́ kàn. Láti tún un ṣe, ó ní láti tú ètò náà ká dé ìpìlẹ̀, kó tún un tò. Bẹ́ẹ̀ ọyẹ́ ti lọ, àwọn èèyàn ti ń wo ojú ọ̀run, Ọlágòkè sì ti sọ fún Àwáwù pé ọ̀gá ló ń bá sọ̀rọ̀ yẹn.

Mọ́ládé kò sinmi. “Eyínfúnjowó, ti ìkejì ńkọ́?”

“Mò ń bọ̀ lórí ẹ̀.”

Ilẹ̀ tún mọ́. “Eyínfúnjowó, ẹ jọ̀ọ́, ti ìkejì?”

“A máa wò ó.”

Ó tún dé. Lọ́tẹ̀ yìí, Ọlágòkè ju bírò sílẹ̀. “Ìyàwó, ṣé ìwọ lo fẹ́ di ọ̀gá yàrá ni?”

“Rárá, ọkọ mi. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ fún Ọ̀gá pé ó dára nígbà tí kò tíì dára.”

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọlọ́gbọ́n á jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ á bá Mọ́ládé jiyàn lórí bí dísíkì ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọlágòkè gun alùpùpù rẹ̀, ó di ilé ìyá rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Ìsinmi, Ìyá Adékúnlé pe gbogbo wọn jọ sí pálọ̀. Adékúnlé, tíṣà tó ń fi pàṣán da odidi ilé ìwé láàmú, jókòó, ó ń wo àjà bí ẹni tó ń ka ìṣó.

“Mọ́ládé,” màmá ní, “kí ni ọkọ rẹ ṣe fún ọ?”

“Ọkọ mi wo, màmá?”

“Ọlágòkè. Ó ní o fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo ayé nítorí ọmọbìnrin kan. Ó ní o ní iṣẹ́ òun ò dáa. Ó ní ojoojúmọ́ lò ń fi ìkejì kan lé òun kiri. Ìkejì wo nìyẹn?”

“Màmá, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni. Bí iná bá lọ…”

“Mi ò bi ọ́ ní ọ̀rọ̀ iná.”

Adékúnlé wúkọ́. “Màmá, ó dà bíi pé…”

“Ìwọ panu mọ́. Ìyàwó ẹ ń tàbùkù àbúrò ẹ, ò ń sọ pé ó dà bíi.”

Màmá dá ẹjọ́ náà láìmọ ohun tó ń jẹ́ dísíkì. Ó ní kí Mọ́ládé kúnlẹ̀ kó bẹ ọkọ rẹ̀, kó sì ṣèlérí pé òun ò ní sọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà láìdáa mọ́ níbikíbi. Ó ní àbùkù ilé kò gbọdọ̀ ti ẹnu ìyàwó ilé jáde.

Mọ́ládé kúnlẹ̀. “Ẹ má bínú, Eyínfúnjowó. Mi ò ní sọ̀rọ̀ sí i mọ́.”

Ọlágòkè fà á dìde pẹ̀lú ẹ̀rín ẹni tó borí. Ó rò pé yóò bá omi lójú rẹ̀, kò bá nǹkan kan. Mọ́ládé kàn ń wò ó ni, bí ẹni tó ń wo ọmọ tó fẹ́ ti ọwọ́ bọ iná.  

Lọ́jọ́ Ajé, Ọ̀gá Cornelius béèrè. “Mọ́ládé, ti ètò Ọlágòkè ńkọ́? Ṣé ó ti dáhùn gbogbo ẹ̀?”

“Mi ò ní ọ̀rọ̀ sí i mọ́, sà.”

“Ó dára nìyẹn.” Ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó.

Ti Ago-Amodu ni Ọlágòkè kọ́kọ́ kó láti dísíkì àtijọ́ bọ́ sí tuntun. Ó lọ geere. Ó ra búrẹ́dì fún gbogbo ilé-iṣẹ́, ó sì wọ́ àga rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí ọ̀gá yàrá máa ń jókòó sí. Bó ṣe ń kó o lọ lọ́jọ́ kejì, iná ṣẹ́jú, kò ju kéèyàn sín lọ. Nígbà tó wo ohun tó kó, ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ kan, Àdìgún, ti dàrú bí ìgbà tí adìyẹ bá fẹsẹ̀ tú ilẹ̀.

Mọ́ládé wà lórí àga tirẹ̀, kò jìnnà. Bó bá pè é nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ ò ní bàjẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un. Ó ní kí ọkàn dákẹ́. Ó rántí ọjọ́ tó rò pé katakata kan Àdìgún, ó tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, ó sì ń súfèé.

Ó wá ku Tẹ̀dé àti Ṣakí. Dísíkì tuntun ti tán, nítorí náà wọ́n gba àwọn ògbólógbòó tí ẹ̀ka adìyẹ ẹgbẹ́ náà ti lò rí kí wọ́n tó pa ẹ̀ka ọ̀hún tì. Wọ́n dá ọjọ́ tí wọn yóò ka ìgbà tí katakata kan olúkúlùkù fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ojú lè rí i. Bàbá Ràmọ́nì kó àwọn ará Tẹ̀dé wá. Ìyá Adékúnlé, tó ní oko ẹ̀gúsí lápá ọ̀nà Ìgbòho, jókòó síwájú pátápátá, ó wọ ìró tuntun, nítorí ọmọ rẹ̀ fẹ́ di ọ̀gá.

Ọlágòkè ṣe àlàyé gígùn tí kò yé ẹnikẹ́ni. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ó tẹ bọ́tìnnì, ọ̀rọ̀ Tẹ̀dé àti Ṣakí bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lọ sórí dísíkì adìyẹ.

Ẹ̀fúùfù kan ti apá ibodè dé, ó gbé eruku, páànù ń pariwo. Iná lọ.

Wọ́n jókòó, wọ́n ń dúró. Nígbà tí iná dé padà, Ọlágòkè tan kọ̀ǹpútà, orúkọ gbogbo àgbẹ̀ sì tò síwájú dísíkì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó mí kanlẹ̀. “Ẹ ò rí i? Gbogbo wọn pé.” Ó wo Mọ́ládé nígbà tó ń sọ ọ́.

“Ṣí ti Bàbá Ràmọ́nì,” Ọ̀gá Cornelius ní, “ká gbọ́ ọjọ́ tó kàn wọ́n.”

Ọlágòkè ṣí i. Ọ̀gá Cornelius jẹ́ ẹni tó ń kàwé sókè kó tó ronú. “Ràmọ́nì, Tẹ̀dé. Ìyẹ́ ń re lọ́rùn rẹ̀. Kò yé ẹyin láti ìgbà ọyẹ́.”

Bàbá Ràmọ́nì fọwọ́ kan ọrùn ara rẹ̀. “Ta ni?”

“Ṣí òmíràn kíá.”

“Ràsáàkì, Tẹ̀dé. Ó ń ṣu ẹ̀jẹ̀. Kí wọ́n yà á sọ́tọ̀.”

Àwọn tó jókòó ti Ràsáàkì sún kúrò.

Ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bá. Ọlágòkè tẹ èyí tó kàn láìwò ó, Ọ̀gá Cornelius sì ti kà á kó tó rí i. “Ìyá Adékúnlé, Ṣakí. Ó ti gbó. Kí wọ́n pa á fún ọbẹ̀ Kérésì.”

Àgbàlá dàrú fún ẹ̀rín. Àwọn kan di inú mú. Ìyá Adékúnlé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Bàbá Ràmọ́nì gbé ọwọ́ sókè títí wọ́n fi dákẹ́. “A ti rẹ́rìn-ín. Katakata ńkọ́? Ọjọ́ wo ló kàn mí?”

Ọlágòkè ki dísíkì àtijọ́ bọ̀ ọ́. Òfìfo ni iwájú rẹ̀. Ètò rẹ̀ ti bá a pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, bó ṣe ní kó ṣe. Òjò sì ti ń ṣú lápá ibi tí ẹ̀fúùfù náà ti wá.

Ọ̀gá Cornelius yíjú sí Mọ́ládé. “Ìwọ lo kà á. Ìwọ lo ní kò sí ọ̀rọ̀ mọ́.”

Mọ́ládé wo ibi tí màmá jókòó sí.

“Mò ń bá ọ sọ̀rọ̀. Ṣé o rí nǹkan yìí tàbí o ò rí i?”

Gbólóhùn kan péré ló yẹ kó ti ẹnu Ọlágòkè jáde. Ó mọ gbólóhùn náà. Bàtà rẹ̀ ló ń wò. Nínú gbogbo ohun tó ṣe, ó ní èyí ni òun ò lè dárí ji ara òun.

Ìyá Adékúnlé ló dìde. “Èmi ni,” ó ní. “Ọmọ mi gbé ẹjọ́ ẹ̀ wá bá mi, mo ní kí ìyàwó kúnlẹ̀, mo ní kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n ní agbẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Èmi ni àgbà òṣìkà ọ̀hún. Mọ́ládé, ṣé ọ̀rọ̀ iná tí mo ní mi ò bi ọ́ nìyí?”

“Òun ni, màmá.”

Ìyá Adékúnlé jókòó padà, ó fi etí ìró tuntun nu ojú.

“Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan, màmá,” Mọ́ládé ní. “Mo mọ̀ pé ó máa bàjẹ́. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ ọmọ mi, mo sì dákẹ́ kí ilé lè tòrò. Àwọn èèyàn tó jókòó yìí ò ṣẹ̀ mí.”

Ìgbà náà ni ìtìjú tó gba Ọlágòkè mú. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú Mọ́ládé nínú eruku. Ọkọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó! Àwọn àgbà kígbe èèwọ̀. Mọ́ládé fò sẹ́yìn bí ẹni tó rí ejò, lòun náà bá kúnlẹ̀, ó ń bẹ ẹni tó ń bẹ ẹ́.

“Ẹ dìde, ẹ̀yin méjèèjì,” Bàbá Ràmọ́nì ní. “Wọn ò tíì tú ilẹ̀ tèmi.”

Mọ́ládé jókòó ti dísíkì àtijọ́. Ó ní iwájú rẹ̀ ni wọ́n pa rẹ́, àwọn ọ̀rọ̀ kan lè ṣì wà lẹ́yìn. Ó fọwọ́ ṣà wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti Ṣakí jáde. Ti Tẹ̀dé ti dàrú kọjá àtúnṣe. Olúkúlùkù ará Tẹ̀dé wá búra pé òun lòun ṣíwájú, bí wọ́n sì ṣe ń búra lọ́wọ́ ni òjò rọ̀. Katakata kò dé Tẹ̀dé lọ́dún yẹn.

Ọ̀gá Cornelius ní òun náà jẹ̀bi, nítorí òun gbọ́ “mi ò ní ọ̀rọ̀ mọ́,” òun sì pè é ní “ó dára.” Ó fi Mọ́ládé ṣe ọ̀gá yàrá kọ̀ǹpútà. Ó ní kí Ọlágòkè lọ sinmi nílé ná. Ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kó sinmi. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ọkọ́ lé e lọ́wọ́, ó ní kó lọ bá àwọn tí katakata kò dé oko wọn kọ ebè, bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Bàbá Ràmọ́nì.

Ọlágòkè ní kí n sọ fún yín pé ilé ẹ̀kọ́ tí òun lọ kò kọ́ òun ní ohun tí òun kọ́ ní Tẹ̀dé. Ó kọ ebè títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Nígbà tó rò pé òun ti ṣe bẹbẹ, Bàbá Ràmọ́nì ti ibi ìrun dé, ó ń rìn lọ láàárín poro, ó ń fi ẹsẹ̀ tọ́ka.

“Èyí kéré. Èyí wọ́. Àwọn tó wà lọ́hùn-ún yẹn, òjò kan ṣoṣo ló máa gbé wọn lọ. Tún wọn kọ.”

Ọlágòkè la ẹnu. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa oòrùn. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ọkọ́ tí kò mú, àti ilẹ̀ tó le, àti pé òun kì í ṣe àgbẹ̀. Bàbá Ràmọ́nì dúró, ó ń retí ohun tó máa sọ.

“Láti ibo dé ibo, bàbá?”

“Láti ibí yìí dé ìdí igi òrí yẹn.”

Ọ̀nà ìdí igi òrí náà jìn. Ọlágòkè wò ó títí. “Ẹ ṣeun, bàbá,” ó ní, ó sì gbé ọkọ́ sókè, ó wó ebè àkọ́kọ́ palẹ̀.